Ojú Tó Ń Ké Lára Àwo Orin Ọmọ Mi

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú ojú ewé orin,

Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì. Nígbà tó wálé fún ìsinmi, mo ṣàkíyèsí pé orin kan náà ló ń gbọ́ láti àárọ̀ dé alẹ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ariwo ìgbàlódé lásán ni, àfi ìgbà tí mo rí àwòrán tó wà lójú fóònù rẹ̀: ojú èèyàn pupa kan tó la ẹnu gbàgà débi pé a lè rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, tí ihò imú rẹ̀ ràn, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí nǹkan ń lé bọ̀. Àyà mi já. Mo bi í léèrè, ó ní King Crimson ni orúkọ ẹgbẹ́ olórin náà, pé ará Ìlú Ọba ni wọ́n, pé àwo wọn àkọ́kọ́ nìyí, ó sì ti jáde kí wọ́n tó bí èmi ìyá rẹ̀. Inú orin Kanye West kan ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ohùn wọn.

Mo gba íápíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sétí. Orin àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi létí. Èyí tó tẹ̀ lé e tù mí lára díẹ̀, fèrè wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wá gbọ́ ọ̀kan tí fáyólíìnì pọ̀ nínú rẹ̀ rẹpẹtẹ, bí ohun tí wọ́n ń ta níbi ìsìnkú ọba, ọkùnrin kan sì ń kọrin nípa ikú àti ẹ̀rù ọ̀la.

Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni mo dàgbà sí, alto ni mò ń kọ títí dòní. Mo mọ orin ìbànújẹ́, a máa ń kọ ọ́ nígbà Lẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n orin tí kò sọ ibi tí ìrètí wà, kí ni ọmọ ogún ọdún ń fi ṣe? Arákùnrin kan nínú ìjọ wa ní orúkọ Béélísébúbù ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́, ó ní kí n gba fóònù náà kíá. Mi ò tíì gbà á. Ọjọ́ ìbí ọmọ náà ń bọ̀, ohun tó sì ní kí n rà fún òun ni àwo yìí gan-an, àwo ńlá ti ayé àtijọ́. Ẹ jọ̀ọ́, irú kí ni nǹkan yìí? Ta ló ń ta gbogbo fáyólíìnì yẹn? Ṣé kí n rà á?

Ìyá Àbíkẹ́yìn, Òṣogbo

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àmójútó. Ẹ má gba fóònù náà. Ẹ ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe: ẹ fi íápíìsì sétí, ẹ gbọ́ nǹkan náà fúnra yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀ lé e lórí. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ bá yín sọ ọ́ dé gbòǹgbò. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

In the Court of the Crimson King ni orúkọ àwo náà. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 1969 ló jáde ní Ìlú Ọba, Island Records ló gbé e jáde. Orin márùn-ún péré ló wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì pé ìṣẹ́jú 45. Àwọn márùn-ún ló ṣe é. Robert Fripp ló ta gìtá. Ian McDonald fọn fèrè àti sáksófóònù, ó sì tẹ dùùrù. Greg Lake kọrin, ó sì ta gìtá béèsì. Michael Giles lu ìlù. Ẹni karùn-ún, Peter Sinfield, kò ta nǹkan kan, kò lu nǹkan kan. Òun ló kọ ọ̀rọ̀ orin, òun ló sì ń darí iná orí pèpéle nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré níta. Ẹ wá wo ọjọ́ orí wọn nígbà náà. Lake tí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kọrin nípa ikú yẹn, ọmọ ọdún 21 ni. Fripp àti McDonald jẹ́ 23. Sinfield tó kó gbogbo ọ̀rọ̀ náà jọ jẹ́ 25. Giles tó dàgbà jù nínú wọn jẹ́ 27. Ẹgbẹ́ ọmọ yín ni wọ́n, wọn ò ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Arákùnrin ìjọ yín kò hùmọ̀ ọ̀rọ̀ Béélísébúbù tó sọ. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé òun ni Sinfield fi King Crimson rọ́pò, Fripp náà sì ti dá sí ọ̀rọ̀ náà rí, ó ní ẹni tó mọ ohun tó ń lépa ni òun ka orúkọ yẹn sí ní tòun. Àwọn ọ̀dọ́ olórin ìgbà náà fẹ́ràn orúkọ tó ń dẹ́rù bani, bí àwọn ti ìsinsìnyí ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ló ṣáájú orúkọ. Sinfield ti kọ orin kan nípa ààfin ọba pupa kí ẹgbẹ́ náà tó mọ ohun tí yóò máa jẹ́, inú orin yẹn ni wọ́n ti mú un. Òun ni orin tó kẹ́yìn àwo náà. Ọba tó ń jọba lórí ìtàjẹ̀sílẹ̀ ni. Òṣèré kún ààfin rẹ̀, ayẹyẹ ń lọ, ìsìnkú ń lọ, apanilẹ́rìn-ín kan sì wà ní kọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń darí gbogbo wọn láìsọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti gbé Nàìjíríà pẹ́ díẹ̀ kò ní béèrè irú ààfin tí ìyẹn jẹ́. Èmi kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti ń bọ nǹkan kan nínú àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwòrán tó já yín láyà ńkọ́? Barry Godber ló yà á, ọ̀rẹ́ Sinfield ni, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun. Wọ́n ní inú dígí ló ń wò nígbà tó ń yà á, pé ojú ara rẹ̀ nìyẹn. Àwòrán ara àwo kan ṣoṣo tó yà láyé rẹ̀ ni, nítorí pé ní oṣù Kejì ọdún 1970, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí àwo náà jáde, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀, ó kú ní ọmọ ọdún 24. Wọn ò kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí iwájú àwo náà, wọn ò sì kọ orúkọ àwo. Ojú yẹn nìkan ni ẹ ó bá pàdé. Àwòrán kejì wà tí fóònù ọmọ yín kì í sábà fi hàn, inú páálí ló wà, ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni ẹ ó rí i: ọba náà fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ rí roboto, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Fripp ti sọ ọ́ rí pé bí èèyàn bá bo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, ìbànújẹ́ ńlá ló wà nínú ẹyinjú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín bò ó wò nígbà tó bá dé ọwọ́ yín. Lójú tèmi, Godber ti fi àwòrán méjì yẹn sọ ohun tí gbogbo orin inú àwo náà ń sọ: ẹni tó wà níta ń ké, ẹni tó wà láàfin ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù kan náà ló sì ń ba àwọn méjèèjì.

Ẹ̀rù kí ni? Ẹ rántí ọdún tí à ń sọ. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà wà ní Vietnam. Wọ́n ń ju nápámù láti inú ọkọ̀ òfurufú, ohun tó ń jó tí kì í ṣí kúrò lára èèyàn. Nápámù yìí wà nínú ọ̀rọ̀ orin àkọ́kọ́ tí ẹ gbọ́. Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà to bọ́ǹbù átọ́míìkì sílẹ̀ dojú kọ ara wọn. Wọ́n ti yìnbọn pa Martin Luther King ní oṣù Kẹrin ọdún 1968. Ogun abẹ́lé tiwa náà ń jà lọ́wọ́, àwòrán àwọn ọmọdé Biafra tí ebi ti hàn léegun sì ti wà nínú ìwé ìròyìn London. Nígbà tí John Lennon dá oyè tí Ọbabìnrin fi dá a lọ́lá padà ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ọwọ́ tí ìjọba Bìrìtìkó ní nínú ogun Nàìjíríà wà lára ìdí tó kọ sínú lẹ́tà rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, èèyàn fi ẹsẹ̀ tẹ òṣùpá. Ọ̀dọ́ tó bá la ojú rẹ̀ nígbà náà rí i pé ọmọ aráyé lè fò dé òṣùpá, kò sì lè dá ìbọn dúró nílẹ̀ ayé. Ẹ bá mi wò ó, ta ni kò ní béèrè pé kí la wá ṣe níbí?

Orin àkọ́kọ́ yẹn, 21st Century Schizoid Man, èèyàn ọ̀rúndún tiwa yìí ló ń sọ, ẹni tí orí rẹ̀ ti pín sí méjì. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ohùn Lake jẹ́ ni, kí ó lè máa ha bí ohùn inú rédíò tó fẹ́ kú. (Òun náà ni Kanye West gé lò nínú Power ní ọdún 2010, ohun tí ọmọ yín sọ nìyẹn.) Nígbà tí wọ́n ń ṣeré kiri Amẹ́ríkà ní ìparí 1969, Fripp fi orin náà ta Spiro Agnew lọ́rẹ, igbákejì ààrẹ ìgbà náà, ó ní gbogbo àwọn ló fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ẹ mọ irú oríkì bẹ́ẹ̀.

Àárín orin náà ni mo fẹ́ mú yín lọ, nítorí pé ẹ béèrè ibi tí ìrètí wà. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, gìtá, sáksófóònù, béèsì àti ìlù yóò gbá ohùn kan náà mú, wọn yóò sáré lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọn yóò sì dákẹ́ lójijì. Ìdákẹ́jẹ́ gidi, tí ẹ lè gbọ́ èémí ara yín. Wọn yóò tún sáré, wọn yóò tún dákẹ́. Kò sí ẹni tó fi ìka kan ṣáájú, kò sí ẹni tó fi ẹyọ kan kẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kọ alto láti kékeré, ẹ mọ̀ pé orin kíkọ kò le tó dídákẹ́ papọ̀: ọ̀gá akọrin á ti gé ọwọ́ tán, tenor kan á ṣì máa fa ìparí ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn ọmọ yìí kò ní ọ̀gá akọrin níwájú. Etí ni wọ́n fi ń ṣọ́ ara wọn.

Bó ṣe ṣeé ṣe nìyí. Ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò, ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ilé oúnjẹ kan ní Fulham Palace Road ní London. Orúkọ wọn kò tíì jẹ́ nǹkan kan lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Fripp, Michael Giles àti àbúrò rẹ̀ Peter ti ṣe àwo kan ní 1968, ọjà kò sì rà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ 5 oṣù Keje, wọ́n ti wà lórí pèpéle ní Hyde Park, wọ́n ń ṣeré ṣáájú Rolling Stones níwájú èrò tí wọ́n fojú bù pé kò dín ní 250,000. Láti ìsàlẹ̀ ilé oúnjẹ dé iwájú èrò bí omi òkun, kò pé oṣù mẹ́fà. Àwo náà ni wọ́n ṣe tẹ̀ lé e, ní Wessex Sound Studios. Wọ́n kọ́kọ́ fún Tony Clarke ní iṣẹ́ náà, ẹni tó ń bá ẹgbẹ́ Moody Blues ṣe àwo. Ohun tó ń jáde kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n bá da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n ní àwọn yóò darí ara àwọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn, Ìyá wa. Ẹni tó bá ti gbà lóòótọ́ pé ayé ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe kò ní máa sọ̀kalẹ̀ lọ sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́ láti tún ibi tí wọ́n ti ń dákẹ́ ṣe. Kò ní da iṣẹ́ tó ti ṣe nù nítorí pé kò dára tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń sọ pé ohun gbogbo ń tú ká. Ọwọ́ wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ìrètí nínú ọ̀rọ̀ orin, ẹ ò rí i, ẹ ò sì ṣì í gbọ́. Inú bí wọ́n ṣe ń ta á ló wà.

Ó kan fáyólíìnì. Kò sí ẹni tó ta á. Tàbí kí n sọ pé wọ́n ta á, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbẹ̀, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ kan ni, Mellotron lorúkọ rẹ̀, Birmingham ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní 1963. Ó jọ dùùrù lójú, ṣùgbọ́n téèpù ló kún inú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ibi kọ̀ọ̀kan tí ìka ń tẹ̀ ní téèpù tirẹ̀ lábẹ́, wọ́n sì ti gba ohùn fáyólíìnì kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí McDonald bá tẹ̀ ẹ́, téèpù náà á máa wọ́ kọjá lábẹ́ orí tó ń kà á, ohùn á máa jáde. Bó bá gbé ìka, sípíríǹgì á fà á padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Téèpù yẹn kò gùn ju ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ. Tó bá ti pé 8, ohùn tán nìyẹn, bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá fẹ́ tàbí ó kọ̀. Ó di dandan kó gbé ọwọ́ kó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í sì í sáré dọ́gba, nítorí náà ohùn yẹn máa ń mì díẹ̀, ó máa ń yẹ̀ díẹ̀ kúrò lójú ibi tó yẹ kó wà. Ìmì díẹ̀ yẹn ló gbé ìsìnkú ọba wá sọ́kàn yín. Ẹ̀yin ń gbọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀ mọ́, tí ohùn wọn kò sì lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ. Ó ṣòro kí n ronú ohun èlò mìíràn tí ì bá bá orin yẹn mu tó bẹ́ẹ̀.

Epitaph ni orúkọ orin náà, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ sára òkúta ibojì. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ẹni tó ń kọrin níbẹ̀ kò sọ pé Ọlọ́run kò sí. Ohun tó ń sọ ni pé àwọn wòlíì ti sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ wọn ń parẹ́, ìmọ̀ ẹ̀dá ń pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ibi tí ìmọ̀ náà ń gbé wa lọ. Òun fúnra rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, kò mọ̀ bóyá ọ̀nà ni. Ó tilẹ̀ fi àyè kékeré sílẹ̀ pé ó lè dára ní ìgbẹ̀yìn. Ẹ̀rù rẹ̀ kàn lágbára ju àyè yẹn lọ ni. Ṣé orin tí kò yẹ kí onígbàgbọ́ gbọ́ nìyí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ ka Ìwé Oníwàásù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ka Jóòbù orí kẹta lé e. À ń kà wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, a kò sì tíì gba Bíbélì lọ́wọ́ ọmọ kankan nítorí wọn. Àwọn baba wa náà kò fi ìbéèrè yìí ṣeré: wọ́n ní ìkúnlẹ̀ ni ẹ̀dá kúnlẹ̀ yan ìpín, ó délé ayé tán, ojú kán an, ó gbàgbé ohun tó yàn. Kí ni yóò wá máa fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe bí kò ṣe pé kó máa wá a? Ọmọ ogún ọdún, ní ọdún kẹta yunifásítì, tí kò mọ ìgbà tí ìyanṣẹ́lódì yóò tún dé, tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń já pá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí bí kò ṣe ní béèrè. Ó sàn kó máa fi orin béèrè níwájú yín ju kó máa dá a rò lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí kí n tó kúrò lórí rẹ̀. Orin tó ṣókùnkùn kò túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni tó ń gbọ́ ọ ṣókùnkùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara wọn máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn nǹkan mìíràn ni kí ẹ máa ṣọ́: bí kò bá jẹun mọ́, bí kò bá sùn tàbí tó ń sùn ṣáá, bó bá ń sá fún àwọn ọ̀rẹ́ tó ti máa ń rìn pẹ̀lú, bó bá ń kó ohun tó fẹ́ràn fún àwọn ẹlòmíràn, bó bá sọ ọ́ lẹ́nu pé ayé ti sú òun. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ẹ bi í ní tààràtà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Ó máa ń ṣílẹ̀kùn ni. Kí ẹ sì mú un lọ bá dókítà, kì í ṣe àdúrà nìkan. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ sí mi, ọmọ tó ń wálé, tó ń sọ orúkọ ohun tó ń gbọ́ fún ìyá rẹ̀, tó sì ń béèrè ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí ni mo rí. Ọkàn mi balẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn orin tó kù, n kò ní pẹ́ lórí wọn. Èyí tó ní fèrè, I Talk to the Wind, ni kí ẹ tún fi bẹ̀rẹ̀. McDonald ti fọn nǹkan nínú ẹgbẹ́ olórin ọmọ ogun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ ó sì gbọ́ ọ nínú bí èémí rẹ̀ ṣe mọ́. Moonchild gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Orin gidi kò ju ìṣẹ́jú méjì àti ààbọ̀ lọ níbẹ̀, ìyókù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n kàn ń fọwọ́ kan ohun èlò díẹ̀díẹ̀ láìsí ètò. Àwọn kan wà tí wọ́n lè jà nítorí rẹ̀. Fripp fúnra rẹ̀ gé e kúrú nígbà tó ń kó iṣẹ́ wọn jọ ní 1991, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Orin ìkẹyìn, ti ààfin ọba, ẹ má ì pa á nígbà tó bá jọ pé ó ti parí. Ó tún ń bọ̀.

Ẹ bá ọmọ yín jókòó gbọ́ Epitaph lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣàlàyé, ẹ má wàásù. Ẹ bi í pé ibo ló dùn mọ́ ọn jù, kí ẹ sì sọ ibi tó dùn mọ́ ẹ̀yin náà, nítorí pé lẹ́tà yín ti fi hàn mí pé ó wà. Bó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ wa náà ti fọwọ́ kan rọ́ọ̀kì líle, ẹ sọ fún un pé kó wá ẹgbẹ́ BLO ti Èkó, tí àwo wọn àkọ́kọ́, Chapter One, jáde ní 1973. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀, ìlù wa ló gbé e. Yóò dùn mọ́ ọn.

Ó lè bi yín pé ṣé ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn márùn-ún náà. Àwo yìí nìkan ni wọ́n jọ ṣe. Ó wọ ipò karùn-ún nínú àwo tó ń tà jù ní Ìlú Ọba, wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà, ìrìn àjò náà ò tíì tán tí McDonald àti Giles fi sọ pé àwọn ń lọ. Fripp ní kàkà kí ẹgbẹ́ tú ká, kí òun kúrò, kí àwọn dúró. Wọ́n ní rárá. Lake náà lọ ní 1970, ó lọ dá Emerson, Lake & Palmer sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn. Fripp tó fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí wọn ni orúkọ náà kù sí lọ́wọ́, ó sì ń pe èèyàn tuntun jọ, ó ń tú wọn ká, ó tún ń pè wọ́n jọ, títí di 2021. Lake kú ní 2016, McDonald ní 2022, Sinfield ní 2024.

Ẹ rà á fún un. Kí ẹ wá èyí tí páálí rẹ̀ ń ṣí sí méjì, nítorí àwòrán inú tí mo sọ. Ohun kan tún wà: téèpù àkọ́kọ́ gan-an sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀dà ẹ̀dà ni wọ́n ń tẹ̀ jáde, ohùn rẹ̀ kò sì mọ́. Ọdún 2003 ni wọ́n tó rí i, nítorí náà ohun tí wọ́n tẹ̀ láti 2004 lọ ló dára. Èyí tí Steven Wilson tún ohùn rẹ̀ tò ní 2009 ni mo fẹ́ràn jù, ẹ ó gbọ́ fèrè níbi tí ẹ kò ti mọ̀ pé fèrè wà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà bóyá ó ní ẹ̀rọ giramofóònù, tàbí ó mọ ẹni tó ní in. Bí kò bá ní, ẹ ra CD ti 2009 yẹn, kí ẹ sì fi owó tó bá ṣẹ́kù ra íápíìsì gidi méjì.